Kíláàsì Kẹfà Ni Mo Wà Báyìí, Ilpo

Kuikkavaara,
Oṣù Kọkànlá, yìnyín ń bọ́ lọ́wọ́.

Ilpo ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Mikaela ìyàwó rẹ, mo sì kí Tove ọmọ ọmọ mi ju ẹ̀yin méjèèjì lọ, ẹ má bínú. Ṣé ara yín le ní Turku níbẹ̀? Ṣé atẹ́gùn òkun kò há yín lọ́fun? Ọlọ́run tó ń pa ẹja mọ́ láàyè lábẹ́ yìnyín títí yìnyín fi ń yọ́, òun ni yóò pa yín mọ́. Ẹ kò ní tẹ ibi tó fẹ́lẹ́. Iná ilé yín kò ní kú nígbà tí òtútù bá mú jù. Èmi náà wà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, orúnkún ọ̀tún yìí nìkan ló ń bá mi jà, ó sì ti ń bá mi jà láti ìgbà tí bàbá rẹ ti wà láyé, mo ti kúkú kà á mọ́ ẹbí.

Pòtétò ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Òrùlé ilé ìwẹ̀ sáúnà ń jò díẹ̀. Hellevi tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè ti ra ẹ̀rọ tó ń gbá yìnyín, ó sì ń tì í kiri àgbàlá rẹ̀ láti ìgbà tí yìnyín kankan kò tíì bọ́, kí n ṣáà lè rí i. Mo rí i. Mo kàn ti fèrèsé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hellevi kọ́ ló gbé bírò sí mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó rẹ ni, Gun-Britt, àna mi. O wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n o kò mọ bó ṣe rí lójú tèmi, jẹ́ kí n rò ó fún ọ. O mọ̀ pé bí inú Tove bá ti dùn jù, èdè Swídìn ló máa ń bẹ́ sí i lẹ́nu, torí òun ni èdè ìyá rẹ̀, òun náà ló sì fi ń bá Gun-Britt sọ̀rọ̀ ní erékùṣù lọ́hùn-ún ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ náà wá dúró níwájú ilé adìẹ mi, ó gbá ìlẹ̀kùn mú, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń tàn bí fìtílà, ó sì parí rẹ̀ bí ẹni tó ń bèèrè nǹkan. Kí ni kí n ṣe? Ọ̀rọ̀ Swídìn kan ṣoṣo tí mo ní nígbà náà ni “ja,” mo bá ní ja, ja, ọmọ mi. Àṣé ó ń bèèrè bóyá òun lè ṣílẹ̀kùn fún àwọn adìẹ kí wọ́n lọ wo adágún. Ìwọ náà rí ìyókù. A kó èyí tí a lè kó nínú igbó, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì gbé olómi aró yẹn, èyí tó máa ń yé ẹyin sínú bàtà mi.

O rò pé adìẹ ló dùn mí. Kì í ṣe adìẹ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn o fún ọmọ náà ní fóònù rẹ kó fi pe Gun-Britt, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìtàn náà fún un, àwọn méjèèjì wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan báyìí, Ilpo, tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn, mi ò tíì rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ rí. Èmi dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ife mílíìkì tí mo gbé wá fún un. Adìẹ mi ni, àgbàlá mi ni, ọmọ ọmọ mi ni, èmi nìkan ni kò sì gbọ́ ìtàn náà. Mo mu mílíìkì náà fúnra mi. Bàbá rẹ máa ń sọ pé òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Mo wo ara mi nínú dígí lọ́jọ́ kejì, òótọ́ ni, aṣọ mi ti ń ṣò.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé màá kọ́ èdè Swídìn. O mọ̀ pé wọn kò kọ́ wa nígbà tiwa, àwọn ọmọ tó bá lọ sí iléèwé ńlá ní Kajaani nìkan ni wọ́n ń kọ́. Ìwọ ní tìrẹ, odindi ọdún mẹ́ta lo fi kọ́ ọ níléèwé, gbogbo ohun tí o sì lè sọ nígbà tí o jáde ni pé ajá wà lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà lo pàdé Mikaela, ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, o ti ń bá òun àti ìyá rẹ̀ jiyàn lé ìjọba lórí ní èdè Swídìn. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ọdún mẹ́ta tíṣà kò tó ẹ̀ẹ̀rùn kan Mikaela. Ṣùgbọ́n níbo ni èmi ti fẹ́ rí Mikaela tèmi ní ọjọ́ orí mi?

Nígbà tí mo sọ fún ọ, o fi obìnrin kan sínú fóònù mi pé òun ni yóò máa kọ́ mi. O ṣeun. Ọmọlúwàbí obìnrin ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Bí mo bá gba ọ̀rọ̀ kan, á ní mo káre, mo ti mókè. Mo ń gbé fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lálẹ́ kí òtútù má baà mú un, mo ń kí i láàárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Bí mo bá lọ sí oko bérì tí mo pẹ́, á ránṣẹ́ pé òun ń retí mi, inú mi á sì dùn pé ẹnì kan wà tó ń retí mi. Àfìgbà tí mo lọ mu kọfí nílé Hellevi. Mo gbọ́ ohùn kan nínú fóònù Hellevi, mo ní ohùn ta nìyẹn? Obìnrin mi ni! Ó ń kọ́ Hellevi ní èdè Sípéènì, ó sì ń sọ fún un pé ó káre, ó ti mókè, gbólóhùn kan náà tó ń sọ fún mi. Mo mu kọfí mi tán, mo lọ sílé. Láti ọjọ́ náà mi ò kí i mọ́, kò sì sún mọ́ ààrò mọ́.

Mo wá gba iléèwé abúlé wa lọ. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní Swídìn, Noora, ọmọ dáadáa kan tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ aláràbarà, ní kò sí nǹkan tó burú bí mo bá jókòó lẹ́yìn kíláàsì kẹfà, torí àwọn ọmọ márùn-ún péré ni wọ́n, àga ṣófo. Ó ní kí n kàn kọ orúkọ mi sórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní kí n fi nọ́ńbà báńkì wọlé kí òun lè mọ̀ pé èmi ni. Ilpo, kí ló kan báńkì nínú ọ̀rọ̀ pé mo fẹ́ kọ́ èdè? Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí báńkì ní Kajaani, mo sọ fún akọ̀wé tó wà níbẹ̀ pé mo wá tọrọ àyè, mo fẹ́ kọ́ Swídìn, kò ní jẹ́ kí n náwó ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ní tòun, kí n máa kọ́ ọ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ènìyàn rere ṣì wà ní báńkì.

Bí mo ṣe di ọmọ kíláàsì kẹfà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wa, Ọjọ́rú kan, ọjọ́ Ẹtì kan. Ti Ọjọ́rú dára. Ti ọjọ́ Ẹtì ló ń bà mí nínú jẹ́, torí òun ló kẹ́yìn pátápátá, takisí tó ń gbé àwọn ọmọ tí ilé wọn jìnnà sì máa ń dé kí ó tó parí. Ẹni tó ń wà á kò burú, ó ní káńsù ló fún òun ní àkókò, bí òun bá pẹ́, àwọn ọmọ tó wà ní òdì kejì adágún yóò dúró sínú òtútù. Nítorí náà, bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ á ti máa wá ìbọ̀wọ́ wọn. Bí kò bá sì jẹ́ takisí, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń lọ wẹ̀ nínú adágún ìwẹ̀ inú ilé ní Kajaani, ọjọ́ Ẹtì ni ìsìn iléèwé, ọjọ́ Ẹtì ni eré sísá. Gbogbo ohun tó bá ti fẹ́ jẹ wákàtí, ti Swídìn ló ń jẹ. Tó bá di Ọjọ́rú, a ti gbàgbé, Noora á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Agbọ̀n la fi ń pọnmi.

Láti oṣù kẹjọ títí di ìparí oṣù kẹwàá, orí àwọ̀ la wà. Mo mọ àwọ̀ tán, Ilpo. Mo mọ ológbò pupa, mo mọ ológbò dúdú, mo mọ ológbò aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ológbò náà kò tíì ṣe nǹkan kan rí, torí a kò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ìṣe. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, ó pupa.

Mo bi Noora pé kí ló dé tí wọn kò fún wa ní wákàtí kún un. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní láyé ọjọ́un, kíláàsì keje ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ Swídìn, wọ́n wá ní ó yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, wọ́n bá yọ díẹ̀ kúrò lára wákàtí àwọn kíláàsì òkè, wọ́n fi fún kíláàsì kẹfà, wọn kò fi nǹkan kan kún un. Mo ní ọbẹ̀ kan náà ni, àwo ló pọ̀ sí i. Ó ní ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ tó báyìí fún òun rí. Mo ní ta ló ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní Ètò Ẹ̀kọ́ ni. Mo ní ṣé wọn kò lè bẹ̀ ẹ́ ni, ó ní Ètò Ẹ̀kọ́ ti sọ tirẹ̀, tíṣà kan kò sì lè yí i padà. Ilpo, mo fẹ́ kí o bá mi wádìí ọkùnrin yìí. Mo gbà pé Helsinki ló ń gbé, torí gbogbo àwọn tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Bí o bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, má lọ lọ́wọ́ òfo, màá fi ẹja yíyan láti adágún wa ránṣẹ́. Má bá a jà o. Sọ fún un pé àwa tí a wà nínú igbó níbí náà ní àna.

Mo tún bi Noora bóyá ohun tí Ètò Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ etí òkun náà nìyẹn. Ó ní wákàtí kan náà ni, ṣùgbọ́n ní tọ̀hún wọ́n ń gbọ́ Swídìn nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, aládùúgbò ń fi í kí wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn ń gba èènì lójú títì, àwa ń gba igbá tí wọ́n ti bu nínú rẹ̀. Owú ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n jẹun ọ̀sán. Tẹ́lẹ̀, Gun-Britt nìkan ni mò ń jowú, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jowú gbogbo etí òkun.

Mo lọ bá ọ̀gá iléèwé, Kauko, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Mo ní kó gbé Swídìn kúrò ní ìparí ọjọ́ Ẹtì sí àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó pa irùngbọ̀n. Ó ní eré ìdárayá ló wà níbẹ̀, òun ì bá gbé eré ìdárayá lọ sí ọjọ́ Ẹtì, torí ọmọ lè ti orí eré wọ takisí láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n káńsù ti fi gbọ̀ngàn fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà tó ń ju bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ó wá wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀. O ṣáà mọ ẹni tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ náà.

Mo pe ìpàdé, mo dín àkàrà òyìnbó olóyin, mo ṣe kọfí tó ki. Mo ní ẹ jẹ́ ká gbé bọ́ọ̀lù jíjù wa lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Hellevi gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Aune, ṣé torí kí ìwọ lè bá àna rẹ díje ni kí gbogbo wa ṣe máa ju bọ́ọ̀lù nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ kò ga? Ilpo, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹ̀ ni. Ó ya òun gan-an lẹ́nu. Mo ní ṣùgbọ́n Alisa ọmọ ọmọ tìrẹ náà wà nínú kíláàsì yẹn, ọmọ tó ní nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí Stockholm lòun fẹ́ ṣe, bí aláìsàn bá sì sọ ibi tó ń dùn ún fún un, ohun tí yóò lè fi dá a lóhùn ni pé ológbò pupa. Hellevi ro kọfí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í fi ṣúgà sí i. Ó ní Aune, ṣé Alisa mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ? Mo mọ ohun tó ń wá. Mo mọ̀ ọ́n! Mo sì sọ ọ́, mo ní ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ dáadáa. Ó ní ó dáa, ká lọ máa ju bọ́ọ̀lù ní gbọ̀ngàn ìjọ.

Láti ìgbà náà, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ojú àwọn ọmọ ṣì mọ́, ẹnikẹ́ni kò wá ìbọ̀wọ́, ológbò sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń fò, ó ń jẹun, ó ń jókòó, lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tilẹ̀ gun òrùlé. Noora ní wákàtí kò lé, ìwé kò yí padà, ibi tí wákàtí náà jókòó sí ló yàtọ̀. Alisa ti kọ odindi ìtàn kan nípa ìyá ìyá rẹ̀, ó kà á níwájú kíláàsì, Hellevi sì ti sọ ọ́ kárí ilé ìtajà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ kóró nínú rẹ̀. Inú mi dùn fún ọmọ náà. Fún Hellevi, mò ń gbìyànjú.

Ní ọjọ́ Àìkú Ọjọ́ Bàbá tó wà nínú oṣù yìí, mo ti kọ́ ohun tí màá sọ, mo wọ búláòsì mi tó dára, mo gbé kọfí kalẹ̀ níwájú fóònù, ife kan fún mi, ife kan fún ọ̀dọ̀ yín, mo wá tẹ ìpè tó ń fi ojú hàn yẹn. Tove ni mo fẹ́ rí. Gun-Britt ló gbé e. Ó ní inú sáúnà lẹ wà. Ojú rẹ̀ kún gbogbo fóònù, kò hunjọ rárá, owú tún mú mi. Mo ní kò burú, màá sọ ọ́ fún un. Mo kí i ní èdè Swídìn, mo sọ orúkọ mi, bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n, mo bèèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ó dáhùn, mi ò gbọ́ ohun tó fi dáhùn, ọ̀rọ̀ mi sì ti tán. Mo bá sọ fún un pé ológbò pupa wà lórí òrùlé. Gun-Britt yíjú wẹ̀yìn, ó lọ sí ojú fèrèsé lọ wò ó.

Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó wá sọ èdè tiwa. Ilpo, o kò sọ fún mi rí pé bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ó fẹ́ sọ pé ọkọ òun ń sùn, ó ní ọkọ̀ òun ń sùn. Mo ní ọkọ̀ a máa sùn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń han-anrun. A wo ara wa, lẹ́yìn náà ló yé wa lẹ́ẹ̀kan náà, a sì rẹ́rìn-ín débi pé kọfí dà sí mi lára.

Ó wá ń fi ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń rìn lórí òkúta nínú odò. Ó ní bí Tove bá sùn lọ́dọ̀ òun, èdè tiwa ni ọmọ náà fi ń gbàdúrà lálẹ́, èdè Kuikkavaara gan-an, bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní òun á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun á ṣe àmín, òun kò sì mọ ohun tí ọmọ náà ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń jowú mi. Èmi! Mo ní kó tún un sọ, mo díbọ́n pé ẹ̀rọ kò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa, ó sì tún un sọ. Ilpo, mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ tán, mo bi í bóyá wọ́n kọ́ ọ ní èdè wa níléèwé. Ó ní wọ́n kọ́ òun dáadáa, láti kékeré títí òun fi jáde, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tí òun lè fi bá sọ̀rọ̀ ní erékùṣù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń sùn! Kí ni ì bá ti ṣẹlẹ̀ ká ní èmi ni wọ́n fún? Bí o bá rí ọ̀gbẹ́ni Ètò Ẹ̀kọ́, bi í léèrè èyí náà.

Ó ti ní kí n wá ṣe Kérésìmesì ní erékùṣù, mo sì ti gbà. Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó rélùwéè ránṣẹ́ sí mi, àti ti ọkọ̀ tó ń gbéni sọdá, kí o fi díẹ̀ sí i fún òwú. Mo fẹ́ hun ìbọ̀sẹ̀ fún Gun-Britt. Ọ̀kan ṣoṣo ni màá hun fún un, ti Tove yóò jẹ́ mẹ́ta. Má fi owó náà sínú fóònù o, obìnrin inú rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán, fi lẹ́tà rán an.

Kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Kí ó jẹ́ kí ìwọ àti Mikaela máa gbọ́ ara yín yé ní èdè tó bá wù yín. Kí ọmọ yín dàgbà, kó ga ju ìlẹ̀kùn ilé yín lọ, kó má gbàgbé ọ̀nà ilé níhà ọ̀dọ̀ mi, àti níhà ọ̀dọ̀ tọ̀hún náà, mo fi kún un. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Aune

Mo gbàgbé ohun kan. Jọ̀wọ́, fi Swídìn kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, gàdàgbà, bí a ṣe máa ń pè é: “Gun-Britt, gbé Tove wá, èmi ló kàn.” Mo bi Noora, ó ní ó di kíláàsì keje. Ilpo, mi ò lè dúró de kíláàsì keje.